Ajẹran pọ́ńbélé: kí ló dé tí koríko kò lè bọ́ kìnnìún?

Wọ́n máa ń sọ pé bó ti wù kí ebi pa kìnnìún tó, kò ní jẹ koríko. Ẹni tó bá ti ṣọ́ ọ dáadáa mọ̀ pé ó máa ń já a jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bíi ti ológbò inú ilé. Síbẹ̀, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, torí koríko yẹn kì í di oúnjẹ lára rẹ̀. Ohun tí mò ń pè ní ajẹran pọ́ńbélé nìyẹn: ẹranko tí kò lè yè láìsí ẹran.

Ajá náà ń jẹ ẹran, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń fún un ní ẹ̀bà, á jẹ ẹ́, á sì rí agbára níbẹ̀. Kìnnìún kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo epo pupa tí à ń jẹ. Ohun tó sọ epo di pupa ni ara wa ń sọ di fítámì A, tó ń ran ojú lọ́wọ́. Ìdílé ológbò, tí kìnnìún wà nínú rẹ̀, kò lè ṣe irú àyípadà yẹn. Inú ẹran ni wọ́n ti ń rí fítámì A tiwọn, pàápàá nínú ẹ̀dọ̀. Taurine náà ń bẹ, èròjà kan tí ojú àti ọkàn nílò. Ara èèyàn ń ṣe é fúnra rẹ̀, ara ológbò kò lè ṣe é tó, kò sì sí èyí tó tó nǹkan nínú ewé. Tó bá wọ́n lára wọn, ojú á bàjẹ́, ọkàn á sì di aláìlágbára. Tí kìnnìún bá ya ikùn ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ìfun ló sábà máa ń kọ́kọ́ dojú kọ. Koríko inú ṣàkì ńkọ́? Ó sábà máa ń dà á nù ni.

Oríkì rẹ̀ ti sọ ti eyín àti èékánná: kìnnìún olóòlà ijù, akọni-nílà-láìlábẹ. Eyín ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ń ré kọjá ara wọn bí àlùmọ́gàjí. Kò lè lọ oúnjẹ bí màlúù tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Á gé e, á gbé e mì.

Ní Serengeti, ní Tanzania, wildebeest (ẹran ìgbẹ́ kan tó jọ màlúù), kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà àti ẹfọ̀n ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹran tó wúwo tó kìló 190 sí 550 ló wù ú jù, ó sì lè jẹ tó kìló 40 lẹ́ẹ̀kan. Ní etí òkun Namibia, àwọn kan ń pa ẹyẹ omi àti séèlì.

Ẹ má rò pé ajẹran àti ọdẹ jẹ́ ọ̀kan náà o. Ní Ngorongoro, ní Tanzania kan náà, láàárín ọdún 1960 sí 1970, Hans Kruuk, onímọ̀ nípa ẹranko, rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, ìkookò (hyena) ló pa ẹran lóru, kìnnìún kàn wá gbà á lọ́wọ́ wọn ni. Ẹran ṣá ni ara ń fẹ́, ẹni yòówù kó pa á.

Ìdí nìyí tí àyà mi fi ń já nítorí ìwọ̀nba kìnnìún tó kù ní Kainji, ní ilẹ̀ Borgu. Ọ̀bọ tí kò rí èso á jẹ ewé. Kìnnìún tí àwọn ọdẹ bá ti pa ẹtu àti ìmàdò inú igbó rẹ̀ tán, màlúù àwọn darandaran ló kù fún un.