Pípààrọ̀ Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Kí Oyún Tó Dé

Láti ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù tó kẹ́yìn ni àwọn dókítà ti ń ka ọjọ́ orí oyún. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí obìnrin bá ṣàkíyèsí pé nǹkan oṣù òun ò wá, oyún náà ti pé ọ̀sẹ̀ 4 nínú ìwé. Nígbà tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ 6, ihò tó máa di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti pa dé, ọkàn rẹ̀ sì ti ń lù. Ní ti oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, yíyọ ọ̀kan kúrò lára kí òmíràn sì wọlé máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí èyí tuntun tó fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 mìíràn tún ni.

Ẹni tó bá ní kí ìdánwò ìtọ̀ kọ́kọ́ fi oyún hàn kí òun tó pààrọ̀ oògùn ti pẹ́ jù. Oògùn àkọ́kọ́ ti kan ọmọ, ìkejì náà á tún kàn án, ìyá á sì wà láàárín méjèèjì láìsí èyí tó dì í mú dáadáa. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ètò náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìfètò-sọ́mọ-bíbí ṣì wà lára, kí ara obìnrin sì ti balẹ̀ lórí oògùn tuntun fún bí oṣù 3, kí wọ́n tó yọ ìfètò náà.

Ṣùgbọ́n ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, kò yẹ. Oògùn tó ti gbé èèyàn dìde, tí irú rẹ̀ kò sì ní ewu pàtàkì kan fún oyún, ó sàn kí a fi í sílẹ̀. Ìyá ọkọ, aládùúgbò, nígbà míì nọ́ọ̀sì pàápàá, á ní kí ó jù ú nù nítorí ọmọ. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2006, tẹ̀lé aboyún 201 tí wọ́n ti ní àìsàn yìí rí. Nínú àwọn tó dá oògùn dúró, àìsàn padà sára 68 nínú 100. Nínú àwọn tó ń bá a lọ, 26 ni. Ìyá tí kò jẹun, tí kò sùn, tí kò lọ fún ìtọ́jú aboyún, ewu ni fún ọmọ náà.

Èyí tí wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ ni paroxetine. Lọ́dún 2005, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ó lè fi kún àbùkù ọkàn lára ọmọ bí ìyá bá lò ó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, láti nǹkan bí 1 nínú 100 sí 2 nínú 100. Ewu náà kéré, àmọ́ kò sídìí láti gbé e bí nǹkan mìíràn bá lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Sertraline ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ sí. Ọ̀pọ̀ aboyún ló ti lò ó, àkọsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń bọ́ sínú omi ọmú. Bí obìnrin náà bá ti lo sertraline rí tí kò ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n má tún dá a padà síbẹ̀.

Ká mú ẹni tó ń lo paroxetine 20 mílígíráàmù lójúmọ́ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, dókítà lè mú un wá sí 10, kó sì fi sertraline 25 kún un láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ọ̀sẹ̀ kejì, paroxetine 5, sertraline 50. Ọ̀sẹ̀ kẹta, paroxetine kúrò, sertraline dúró sí 50. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin náà á dáhùn ìbéèrè 9 tó wà nínú PHQ-9, ìwé tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ìrẹ̀wẹ̀sì ṣe le tó, tí máàkì rẹ̀ kì í ju 27 lọ. Á tún dáhùn wọn ní ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tí oògùn àtijọ́ ti kúrò. Bí máàkì bá ti gòkè, wọ́n á fi kún sertraline, ó lè dé 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn ló máa ń le jù. Paroxetine fúnra rẹ̀ ń dí ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ ń gbà fọ́ ọ. Bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe ń dín, ọ̀nà náà ń ṣí, ẹ̀dọ̀ á sì tètè gbá ìyókù dànù. Nínú ọpọlọ náà, sísọ̀kalẹ̀ láti 20 sí 10 kì í mú ohun púpọ̀ kúrò, láti 5 sí òfo ló ń mú ọ̀pọ̀ jù lọ kúrò. Ẹni tó ti lò ó fún ọdún púpọ̀ lè nílò ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 4 lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Hóró tó jẹ́ ti ìtúsílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gé.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ìwọ̀n bá dín, òòyì lè máa kọ́ obìnrin náà, àlá rẹ̀ á le, orí á sì máa ta á bí ìgbà tí iná bá gbé èèyàn. Ara tó ń béèrè oògùn rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá dá ìwọ̀n padà, á rọlẹ̀ kíákíá. Ìrẹ̀wẹ̀sì tó ń padà bọ̀ kì í yá bẹ́ẹ̀: ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi ń yọ́ wọlé, ìbànújẹ́ àti àìnífẹ̀ẹ́ sí nǹkan ló sì ń mú wá. Àwọn tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí máa ń ka èkíní sí èkejì, wọ́n á sì fi ètò náà sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Èébì àti ìgbẹ́ ṣíṣàn tí sertraline ń fà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tún jẹ́ ìdí mìíràn láti parí gbogbo rẹ̀ kí èébì oyún tó dé.

Ewu tó le jù nígbà tí oògùn méjì wà lára pọ̀ ni kí sẹ́rótónì, kẹ́míkà ara tí àwọn oògùn yìí ń gbé sókè, pọ̀ jù: òógùn, ìgbọ̀n, ẹsẹ̀ tó ń ta pọ́ùn-pọ́ùn, ibà, àìfarabalẹ̀. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Tramadol, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún ẹ̀yìn dídùn láì sọ fún dókítà, wà lára ohun tó ń fà á.

Fluoxetine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì mìíràn, yàtọ̀. Òun àti ohun tí ẹ̀dọ̀ ń sọ ọ́ dà lè wà lára fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5. Wọ́n sábà máa ń dá a dúró, kí wọ́n dúró ọjọ́ 4 sí 7, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn níwọ̀n kékeré. Bí amitriptyline ló ń bọ̀, àfi kí wọ́n rọra, torí fluoxetine tó ṣẹ́ kù lè gbé ìwọ̀n rẹ̀ sókè nínú ẹ̀jẹ̀, kó sì da lílù ọkàn rú. Ẹni tó sì dá fluoxetine dúró lọ́jọ́ tó rí oyún kò tíì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí wọ́n wo gbogbo oògùn tó wà nínú àpò. Nígbà míì, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, valproate, oògùn wárápá, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ni ewu gan-an: nǹkan bí ọmọ 10 nínú 100 ló ń ní àbùkù ara, 30 sí 40 sì lè ní ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ. Fólíkì ásíìdì náà ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó dúró, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́, tàbí 5 mílígíráàmù fún ẹni tó ní àrùn sickle cell tàbí àtọ̀gbẹ.

Bí oyún bá ti ń dàgbà, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara á pọ̀ sí i, ìwọ̀n tó tó tẹ́lẹ̀ lè má tó mọ́, nítorí náà PHQ-9 á tún padà wá ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kì í ṣe ìgbà ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ń yọ oògùn, torí lẹ́yìn ìbímọ ni àìsàn náà ń yọjú jù. Nínú àwọn ọmọ tí ìyá wọn lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì títí di ìgbà ìbímọ, nǹkan bí 3 nínú 10 lè máa gbọ̀n, kí wọ́n máa ké, kí wọ́n má fa ọmú dáadáa fún ọjọ́ díẹ̀. Kí agbẹ̀bí lè mọ ohun tó ń wò, wọ́n á kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti ìgbà tí ìyá lò ó kẹ́yìn sínú káàdì ìtọ́jú aboyún.