Ẹ lè purọ́ fún mi, ẹ ò lè purọ́ fẹ́ṣin

Ẹ̀yin èèyàn mi l'Àgbádárìgì, ẹ jọ̀ọ́, pé ẹ sanwó fún málàmù létí òkun, ó fẹṣin gbé yín yí ká, ẹ ya fótò, ìyẹn ò tíì di tẹ́ràpì, ìyẹn ìtọ́jú ìlera ọpọlọ, o. Fàájì nìyẹn, mi ò sì ní ó burú.

Nínú tẹ́ràpì ẹlẹ́ṣin tiwa, ọ̀pọ̀ ìgbà la ò tiẹ̀ ní gùn ún rárá. Wọ́n ní ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, àwa ò kúrò nílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èèyàn méjì ló máa wà pẹ̀lú yín, ọ̀kan onímọ̀ ìlera ọpọlọ, ìkejì ẹni tó mọ ìṣe ẹṣin dáadáa, bí EAGALA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ẹṣin ṣe irú ìtọ́jú yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà ní 1999, ṣe ń ṣe é nìyẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n máa gbé fún yín lè má ju kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ara ẹṣin lọ, tàbí kẹ́ ẹ mú un rìn gba àárín igi méjì láì fa okùn. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín àbí? Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ẹran tí kìnnìún ń pa jẹ lẹṣin, eré sísá ló fi ń gba ẹ̀mí ara ẹ̀ là, ẹ̀gbẹ́ orí lojú ẹ̀ wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká ẹ̀ tán láì yíjú, àfi ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an àti abẹ́ imú ẹ̀ (torí ẹ̀, ẹ má gbẹ̀yìn yọ sí i, tó bá ta yín nípàá ọ̀rọ̀ á di ti ọsibítù). Ẹran tó ń ṣọ́ra báyẹn, ara yín ló ń kà, kò ráyè ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìyá kan wà, mo ti yí ìtàn ẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n má baà dá a mọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń sọ fún mi pé òun ti dárí ji ọkọ òun, "kò sí wàhálà, dọ́kítà" (mi ò kí ń ṣe dọ́kítà, wọn ò kàn gbọ́ ni). Ó sún mọ́ ẹṣin, ẹṣin ká etí sẹ́yìn, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Mo ní, "Mọ́mì, ẹ wo ọwọ́ yín." Ó ti di ẹ̀ṣẹ́, kò mọ̀. Ó mí kanlẹ̀, èjìká ẹ̀ wálẹ̀, ẹkún bọ́, ẹṣin yẹn dúró, ó tẹrí ba, ó ń lá ètè. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó sọ ọ̀rọ̀ ọkọ gidi.

Ìwádìí lórí tẹ́ràpì ẹlẹ́ṣin ò tíì pọ̀, èèyàn kéréje ni wọ́n sì lò nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀. Torí náà tí wọ́n bá fún yín lóògùn ní Yaba tàbí Aro, ẹ má torí ẹṣin jáwọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń gbóhùn tẹ́nì kan ò gbọ́, tàbí tó ń rò ó láti pa ara ẹ̀, ọsibítù ni kó kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ní ásímà, kó tètè sọ.

Ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ má wọ sìlípáàsì wá. Ẹ sì bi ẹni tó bá ní òun ń ṣe é pé níbo ló ti kọ́ iṣẹ́ ìlera ọpọlọ, tó bá jẹ́ pé iye ẹṣin tó ní ló ń kà fún yín, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ sílé.