Bí a ṣe ń fi ọkọ̀ ojú omi rin Èkó àti àwọn erékùṣù rẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gba ojú omi wo Èkó mọ̀ ni pé ọ̀sà tó yí ìlú náà ká kò jìn. Ó gùn ju 50 kìlómítà lọ, ìbú rẹ̀ sì wà láàárín kìlómítà 3 sí 13, ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀ nínú rẹ̀, omi náà kò lè bo àgbàlagbà tó nàró mọ́lẹ̀. Ohun kejì ni pé ẹnu kan ṣoṣo ni ọ̀sà Èkó fi bá òkun pàdé, ìyẹn ọ̀nà tóóró tó wà láàárín Tarkwa Bay àti Victoria Island, tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ń gbà wọ èbúté Àpápá. Irú ọkọ̀ tí wọ́n ń lò, wákàtí tí wọ́n ń ṣí, ipa tí wọ́n ń tọ̀, àti ìdí tí ìrìn àjò kan náà fi lè pẹ́ lónìí ju ti àná lọ, inú ohun méjèèjì yìí ni gbogbo wọn ti ń wá.

Omi ló fún ìlú náà ní Lagos, orúkọ tí àwọn Potogí pè é, oríkì rẹ̀ pàápàá kò sì yọ omi sílẹ̀: Èkó arómisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ. Odò tó ya Ìkòyí kúrò lára Victoria Island ń jẹ́ Five Cowries, àwọn àgbà sì máa ń sọ pé owó ẹyọ márùn-ún ni wọ́n ń gbà láyé ọjọ́un láti fi ọkọ̀ gbé èèyàn sọdá rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé owó ọkọ̀ ló di orúkọ odò, ìyẹn sì bá ìlú oníṣòwò mu. Kí wọ́n tó ṣí afárá Carter ní 1901, kò sí ọ̀nà mìíràn tí èèyàn lè gbà láti Ìdó dé Ìsàlẹ̀ Èkó bí kò ṣe ọkọ̀ ojú omi. Afárá lẹ́yìn afárá ló wá kó èrò sórí títì, títí dé Third Mainland Bridge tí wọ́n parí ní 1990. Nígbà tí títì wá kún débi pé mọ́tò kò rìn mọ́, ojú tún padà sí ọ̀sà. Ìjọba Lateef Jakande, gómìnà Èkó nígbà náà, ti gbé ọkọ̀ èrò sójú omi ní 1983, ní 2008 sì ni òfin dá LASWA sílẹ̀, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi àti àwọn tó ń na ọ̀nà náà.

Nítorí pé omi kò jìn, ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ rì púpọ̀ kò wúlò níbẹ̀, àfi lójú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ òkun. Èyí ló jẹ́ kí ọkọ̀ fáíbà, ọkọ̀ fúyẹ́ tí kò rì jìnnà sínú omi, gba gbogbo ojú ọ̀sà kan. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ Yamaha, kì í gbé inú ikùn ọkọ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń so ó kọ́ sí, kí atukọ̀ lè gbé e sókè nígbà tí iyanrìn bá súnmọ́ ojú omi. Bí ọkọ̀ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, imú rẹ̀ á gbé sókè, ìdí rẹ̀ á sì rì díẹ̀. Bí eré bá wọ̀ ọ́ lára tán, gbogbo ara rẹ̀ á dìde, yóò sì máa ré kọjá lórí omi bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé sọ sójú odò. Ní ipò yẹn, omi díẹ̀ ló nílò lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ tó ń sáré sì lè kọjá níbi tí ọkọ̀ tó ń rọra lọ yóò ti fìdí kan iyanrìn. Kì í ṣe gbogbo eré tí àwọn atukọ̀ ń sá ni àìbìkítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó jókòó síwájú ni ìgbì ń gbé sókè tó tún ń fi lélẹ̀ gbì. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ni omi ń ta sí lára, tí ariwo ẹ́ńjìnnì kò sì jẹ́ kó gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ. Àárín ló rọ èèyàn lọ́rùn jù.

Ọkọ̀ onígi kò tíì kúrò lójú omi. Òun ni àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ń lò, òun náà ló sì ń wọ àdúgbò tí ẹ́ńjìnnì kò lè dé, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá gbọọrọ ti ilẹ̀ kí ọkọ̀ tó lè lọ síwájú. Ní òdìkejì, ọkọ̀ ńlá olórùlé bíi ti LAGFERRY, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti ìjọba ìpínlẹ̀, wà, tí ń lọ láti èbúté ńlá sí èbúté ńlá, tí èrò sì lè fi káàdì Cowry san owó rẹ̀, káàdì kan náà tí wọ́n ń lò nínú bọ́ọ̀sì BRT àti ọkọ̀ ojú irin.

Àwọn òṣìṣẹ́ ni ọ̀nà omi Èkó ń tẹ̀ lé, kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́. Láti ìdájí ni èrò ti ń kún èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú, wọ́n ń lọ sí CMS, sí Falomo àti sí Victoria Island. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń padà. Ohun tó lè gba mọ́tò ní wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọkọ̀ fáíbà ń ṣe ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ aládàáni kì í sábà ṣí kó tó kún, nítorí náà ẹni tó bá dé èbúté ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ lè jókòó pẹ́ kí èrò tó pé, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ mẹ́ta ti kún tí wọ́n sì ti lọ láàárín ìdajì wákàtí ní agogo méje. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí àlejò bá àwọn òṣìṣẹ́ jáde láàárọ̀, tàbí kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ háyà odindi ọkọ̀ kan. Kí èrò tó wọlé, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n á sì fún un ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Ó yẹ kí ó wò ó bóyá okùn rẹ̀ ṣì ń dì, nítorí pé ẹ̀wù tí okùn rẹ̀ ti já lè bọ́ lára èèyàn kété tó bá kan omi.

Ohun tí atukọ̀ ń fi ojú wò nígbà tó bá ti gbéra yẹ kí a fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ń gba ẹnu ọ̀sà wọlé, lẹ́ẹ̀mejì ló sì ń fà jáde, wákàtí tí ó ń wọlé sì ń sún síwájú ní nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Òkìtì iyanrìn tí ọkọ̀ ré kọjá lórí rẹ̀ láàárọ̀ àná lè yọrí lónìí ní wákàtí kan náà, kí atukọ̀ sì ní láti yí po. Bí omi bá ń fà jáde tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ láti òkun wá pàdé rẹ̀, ìgbì á ga, á sì súnmọ́ ara wọn, pàápàá nítòsí ẹnu ọ̀sà. Atẹ́gùn yìí sábà máa ń le lẹ́yìn ọ̀sán, ìdí nìyẹn tí omi fi máa ń tutù pẹ̀sẹ̀ láàárọ̀ tó sì ń ru nírọ̀lẹ́. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, kùrukùru ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀sà láàárọ̀ débi pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ ṣí títí oòrùn yóò fi là á.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí ọmọ ènìyàn fi sínú omi. Àwọn apẹja máa ń ri igi àti ẹ̀ka mọ́lẹ̀ kí ẹja lè fi ibẹ̀ ṣe ilé, igi wọ̀nyí sì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ ti ṣí lọ. Gẹdú tí wọ́n ń wọ́ lójú omi wá sí ilé ìlagi máa ń já kúrò lára àwọn yòókù, yóò sì máa léfòó ní ìdajì lábẹ́ omi níbi tí ojú kò ti tètè rí i. Ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò kan tún wà tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní odò Àgbádárìgì ní 1984, tí gbogbo èèyàn wá ń pè ní wọ́tà hayasíǹtì. Kò fẹ́ iyọ̀. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ púpọ̀, tí odò Ògùn, odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò mìíràn bá ti da omi aláìníyọ̀ sínú ọ̀sà, yóò gbilẹ̀, yóò sì dí ọ̀nà bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí omi iyọ̀ bá ti ẹnu ọ̀sà wọlé, yóò rọ, yóò sì kú. Ewéko yìí àti ọ̀rá pọ́ọ̀ wọ́tà ló sábà máa ń fà á tí ọkọ̀ fi ń dúró lójijì láàárín ọ̀sà. Omi ọ̀sà gan-an ni ẹ́ńjìnnì ń fà láti fi tu ara rẹ̀ lára. Bí ọ̀rá bá dí ojú ihò rẹ̀, tàbí tó wé mọ́ irin alábẹ tó ń yí nísàlẹ̀, atukọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì, á gbé e sókè, á sì fi ọwọ́ yọ ìdọ̀tí náà. Kò sí ohun tó yẹ kó ba èrò lẹ́rù níbẹ̀, àfi bí ọkọ̀ òkun ńlá bá ń bọ̀.

Ọ̀nà tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ni CMS ní Marina, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti lè lọ sí apá méjèèjì. Ọkọ̀ tó bá yà sí apá àríwá yóò gba abẹ́ afárá Èkó àti ti Carter kọjá lọ sí Èbúté Èrò, níbi tí ọkọ̀ onígi láti Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn ti ń já ọjà sílẹ̀ láti ìgbà láéláé, kó tó jáde sójú ọ̀sà gbalasa. Níbẹ̀ ni Third Mainland Bridge ti nà gbọọrọ, tí a sì lè rí àwọn oníyanrìn tí ń rì lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú korobá, tí ọkọ̀ wọn ń fi aṣọ gba atẹ́gùn padà sílé. Lẹ́yìn afárá náà ni Màkókó wà, ilé orí òpó tí àwọn Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ kọ́ sójú omi. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kì í wọ inú rẹ̀ jìnnà. Èèyàn ní láti bọ́ sínú ọkọ̀ onígi, kí ọmọ àdúgbò sì tù ú. Ibi ìgbé èèyàn ni, kì í ṣe ibi ìran, nítorí náà àlejò gbọdọ̀ kọ́kọ́ rí ọmọ ibẹ̀ tí yóò mú un lọ kí baálẹ̀, kó sì tọrọ àyè kó tó ya fọ́tò.

Ọkọ̀ tó bá yà sí gúúsù ń lọ sí ẹnu ọ̀sà, apá yìí ló sì ṣàlàyé Èkó jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, iyanrìn dí ẹnu yìí débi pé ọkọ̀ òkun ńlá ń dúró sí ìta ni, tí ọkọ̀ kéékèèké sì ń lọ kó èrò àti ẹrù wọn wọlé. Ìjọba amúnisìn wá kó òkúta jọ, wọ́n fi mọ odi gígùn wọnú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí omi tó ń fà jáde lè máa gbá iyanrìn lọ. Ẹnu ọ̀sà jìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni ìgbì ń wọ́ iyanrìn lọ ní gbogbo etíkun yìí, odi náà sì dá a dúró. Iyanrìn ń kó jọ sí apá Tarkwa Bay àti etíkun tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Bar Beach ní òdìkejì kò rí iyanrìn tuntun gbà mọ́, tí òkun sì ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ lọ lọ́dọọdún, títí tó fi kan títì. Ìlú tuntun Eko Atlantic, tí wọ́n fi iyanrìn kún òkun kọ́, àti odi ńlá tó wà níwájú rẹ̀, ibi tí òkun ti jẹ ilẹ̀ náà ni wọ́n wà. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ ní àárín ẹnu ọ̀sà lè wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó sì rí iṣẹ́ kan náà tó fún apá kan tó sì gba lọ́wọ́ apá kejì. Ní ibi yìí, ọkọ̀ kékeré ni ń yà fún ọkọ̀ òkun, nítorí pé ọkọ̀ òkun kò lè dúró lójijì, kò sì lè kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún un.

Inú ààbò odi yẹn ni Tarkwa Bay wà, ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi ń wẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń fi pákó gun ìgbì ń rí tiwọn ní ibi tí òkun ti ń kọlu odi. Kò sí mọ́tò níbẹ̀, kò sì sí afárá. Síwájú sí i ní ìwọ̀-oòrùn ni Ìlàṣẹ wà, tí odò tóóró ya kúrò lára ilẹ̀, tí òkun sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Odò náà ni wọ́n ń gbà dé ibẹ̀, wọn kì í gba ojú òkun. Bí èèyàn bá tẹ̀ lé omi yìí lọ síwájú, yóò dé Àgbádárìgì, omi náà kò sì dúró níbẹ̀, ó ń lọ títí dé agbègbè Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin. Ní Àgbádárìgì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọkọ̀ fi ń sọdá sí Gberefu, erékùṣù tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sí etí òkun. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rin ìyókù ọ̀nà náà lórí iyanrìn, bí àwọn tí wọ́n kó lọ ti rìn ín.

Ìpadàbọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣètò rẹ̀. Òfin kò gba ọkọ̀ èrò láyè lálẹ́, nítorí pé igi àti gẹdú tí atukọ̀ ń fi ojú yẹ̀ lọ́sàn-án kò ṣeé rí lókùnkùn. Nítorí náà, ẹni tó bá háyà ọkọ̀ lọ sí erékùṣù tí kò ní títì yóò bá atukọ̀ dá wákàtí kan pàtó, yóò gba nọ́ńbà rẹ̀, yóò sì di apá kan nínú owó náà mú títí atukọ̀ yóò fi padà wá gbé e. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ dára láti kúrò ní Tarkwa Bay: atẹ́gùn lè ti mú kí ìgbì dìde díẹ̀ nígbà náà, ara èrò á sì tutù kí wọ́n tó dé CMS, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ á ṣì kù fún ọkọ̀ láti yọ ọ̀rá lẹ́ẹ̀mejì bí ó bá di dandan.