Ìsọ̀yè àti àrùn ìgbàgbé

Ìsọ̀yè ni Yorùbá ń pe oògùn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí iyè èèyàn sọ. Tí ẹ bá bi àwọn lékulẹ́jà Ọjà Ọba l'Óṣogbo, ọmọ iléèwé àti ọmọ awo tó ń kọ́ ẹsẹ Ifá ni wọ́n sábà ń ṣe é fún. Màmá tó jẹun tán tó tún ní òun ò tíì fẹnu kan nǹkan kan látàárọ̀, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, wọ́n á ní ó ti ń ṣarán.

Nínú àrùn Alzheimer, ìyẹn irú àrùn ìgbàgbé kan tó máa ń mú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, kẹ́míkà tó ń jẹ́ acetylcholine, tó ń jíṣẹ́ láàrin iṣan ọpọlọ, máa ń dínkù. Ohun tí púpọ̀ nínú oògùn ẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ ọ lọ́wọ́, kí ìwọ̀nba tó kù lè pẹ́ díẹ̀.

Ẹ wá wò ó o, ìdí májèlé ni wọ́n ti rí ọ̀nà yìí. Ẹ̀wà Kàlàbá ni àwọn Ẹ́fíìkì máa ń fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́, tó bá bì í, ó bọ́, tí ò bá bì í, ó kú nìyẹn. Ọdún 1864 ni wọ́n yọ èròjà physostigmine nínú ẹ̀, àwòṣe ẹ̀ ni wọ́n wò ṣe oògùn rivastigmine tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2000. Galantamine tẹ̀lé e ní 2001, ara òdòdó snowdrop ni tiẹ̀ ti wá. Kò sí èyí tó ń wo àrùn náà sàn nínú méjèèjì.

Nílé níbí, wọ́n ti dán ewé ìyeyè wò lára eku (orúkọ ẹ̀ kúkú bá ọfọ̀ ìsọ̀yè mu, iyè wà nínú ẹ̀), yunifásítì FUTA l'Ákùrẹ́ náà sì ti yẹ atalẹ̀ wò. Wọ́n á sá ewé níbòòji, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ọtí ethanol, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá jẹ́ kí ọtí yẹn gbẹ dànù, ohun tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ abọ́ ni àyọjáde. Wọ́n á fún eku ní àyọjáde yẹn, wọ́n á tún gún un ní scopolamine kó lè gbàgbé, wọ́n á wá jù ú sínú omi kó máa wá pèpéle tó fara pamọ́ kiri, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iyè ẹ̀ ṣì sọ. Inú apíkán, ìyẹn gẹgẹmu táwọn ọmọ ìgboro ń mu, ni scopolamine yẹn wà!

Ṣùgbọ́n eku kì í ṣèèyàn. Ewé igi Ginkgo tí gbogbo ayé ń pariwo, wọ́n fi dán àgbàlagbà tó lé ní 3,000 wò l'Amẹ́ríkà, èsì jáde ní 2008, kò dá àrùn ìgbàgbé dúró. Ẹni tó ti ń lo rivastigmine, kó sọ fún dókítà kó tó da àgbo mọ́ ọn, torí tí méjèèjì bá dí ẹ́ńsáìmù kan náà, ọkàn lè máa lù díẹ̀díẹ̀ jù, èébì á sì máa gbé e.