Ohun tí HMO Mọ̀ Nípa Ara Yín, àti Ẹni tí Kò Yẹ Kó Gbọ́

Obìnrin kan wá bá mi ní káńtà lọ́jọ́ Ajé kan, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Àtẹ̀jíṣẹ́ ni. HMO, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì ìlera wọn, ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ọkọ wá fi ṣọwọ́ sí i. Kò ju ìlà méjì lọ: orúkọ obìnrin náà, orúkọ ilé-ìwòsàn wa, ọjọ́, àti orúkọ àyẹ̀wò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí fún un. Ọkọ ti fi tirẹ̀ kún un nísàlẹ̀: "Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?" Wọn ò tíì fa ẹ̀jẹ̀ lára obìnrin yìí, ká má tíì sọ pé èsì jáde, ọkọ rẹ̀ ti mọ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ọkọ mi ló ni káàdì. Ṣé òun náà ló ni ara mi ni?"

Ọdún kẹsàn-án mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí. Mo lo mẹ́rin ní HMO, ní ẹ̀ka tó ń yẹ bíìlì àwọn ilé-ìwòsàn wò, mo sì ti lo márùn-ún ní káńtà HMO ní ilé-ìwòsàn kan n'Ìbàdàn. Bí wọ́n bá dárúkọ àṣírí aláìsàn, ọ̀pọ̀ èèyàn á máa ro àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, ojú ọ̀nà tí àwa fúnra wa là ni mo rí tí àṣírí ń gbà jáde: àtẹ̀jíṣẹ́ tó bọ́ sórí fóònù ẹlòmíràn, ìwé tó dé orí tábìlì ẹni tí kò kàn, àìsàn tí a fi ohùn òkè pè mọ́ orúkọ lójú èrò.

Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe ń rìn nìyí. Bí ibà bá mú yín, tí ẹ lọ sí ilé-ìwòsàn tí ẹ yàn, HMO lè má gbọ́ ọ rárá lọ́jọ́ náà. Oṣooṣù ni wọ́n ń san iye kan fún ilé-ìwòsàn lórí orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ wá o, ẹ ò wá o. Ìgbà tó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, skáànù tàbí dókítà àkànṣe, a gbọ́dọ̀ gba kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tó fi hàn pé wọ́n ti fọwọ́ sí i, lọ́wọ́ HMO ká tó bẹ̀rẹ̀, a ò sì lè gba kóòdù láìsọ ohun tó ń ṣe yín. Lẹ́yìn ìtọ́jú, bíìlì á tún tẹ̀ lé e: orúkọ, nọ́ńbà káàdì, àìsàn, oògùn, owó. Èmi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ sanwó ní láti mọ ohun tó ń sanwó fún. Ohun tó kàn wá ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà tún ń gbà lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ.

Òfin ò fi ibẹ̀ sílẹ̀ lásán. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà, ti ọdún 2014, sọ ní abala 26 pé àṣírí ni ipò ìlera aláìsàn, ìtọ́jú tó gbà, àti pé ó tilẹ̀ dé ilé-ìwòsàn. Wọn ò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta àfi tí aláìsàn bá fọwọ́ sí i lórí ìwé, tí ilé-ẹjọ́ tàbí òfin mìíràn bá béèrè rẹ̀, tí ó bá jẹ́ ọmọdé tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ béèrè, tí aláìsàn ò bá lè dá sọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń ṣojú rẹ̀ béèrè, tàbí tí pípa á mọ́ bá máa kó ará ìlú sínú ewu ńlá. Abala tó tẹ̀ lé e gba òṣìṣẹ́ ìlera láàyè láti fi tó ẹni tó yẹ létí nítorí iṣẹ́, bó bá jẹ́ fún ire aláìsàn. Mo ti ka ibẹ̀ ní àkàtúnkà. Mi ò rí "ọkọ rẹ̀ ni" níbẹ̀, mi ò sì rí "ọ̀gá rẹ̀ ló ń sanwó." Abala 29 sì fi ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí owó ìtanràn ₦250,000, tàbí méjèèjì, dúró de ẹni tó bá yọ́ wọ inú àkọsílẹ̀ aláìsàn tàbí tó dà á kọ láìgbàṣẹ.

Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, òfin tó ń dáàbò bo dátà ọmọ Nàìjíríà tún dé. Òfin yìí ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn dátà tó gba ìṣọ́ra jù. Ẹ lè ní kí HMO fi ohun tó kọ nípa yín hàn yín, ẹ sì lè ní kí wọ́n tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe. Bí dátà bá jò lọ́nà tó lè pa yín lára, wákàtí 72 ni wọ́n ní láti fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò dátà, létí. Bí ewu náà bá pọ̀, ẹ̀yin gan-an gbọ́dọ̀ gbọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ibi iṣẹ́ ló máa ń ká mi lára jù. Nígbà tí mo wà ní HMO, àwọn HR, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́, máa ń pè wá. "Ẹ bá mi wo lágbájá, kí ló ń gbé e dé ọsibítù lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kan?" Ohùn ìfẹ́ ni wọ́n máa ń fi béèrè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìfẹ́ lóòótọ́. Ìdáhùn kan náà ló tọ́ sí i: a ò lè sọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń sanwó lè mọ iye tó ná, iye èèyàn tó lo ètò náà, àti irú ìtọ́jú tó pọ̀ jù, kí wọ́n lè fi ṣètò ọdún tó ń bọ̀. Orúkọ ò sí nínú ohun tó kàn wọ́n.

Yíyọ orúkọ nìkan kò sì tó. Mo fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ wọn ò ju mọ́kànlá lọ. Ìlà kan wà níbẹ̀: "Ìtọ́jú kíndìnrín, ẹnì kan." Mi ò kọ orúkọ, ọkàn mi sì balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba àyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, torí pé ó ń lọ sídìí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọ́fíìsì ti mọ̀. Ó pè mí fúnra rẹ̀, kò bínú, ó kàn ní, "Àǹtí, ìyá mi ò tíì mọ̀ o." Ó ṣì ń dùn mí. Bí iléeṣẹ́ bá kéré báyìí, àpapọ̀ owó nìkan ni kí HMO fi ránṣẹ́, kí wọ́n fi àìsàn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àtẹ̀jíṣẹ́. Ó ní ìdí tí wọ́n fi ń fi í ránṣẹ́: àwọn kan máa ń fi káàdì ẹlòmíràn gba ìtọ́jú, àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń jẹ́ kí oníkáàdì tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n "A ti lo káàdì yín lónìí" ti tó fún ìyẹn. Kí ni orúkọ àyẹ̀wò ń wá níbẹ̀? Nọ́ńbà ẹni tó lọ gba ìtọ́jú gan-an ló sì yẹ kó lọ, bí onítọ̀hún bá ti dàgbà. Àwọn ọkọ kan máa ń bi mí pé kí ni ìyàwó fẹ́ fi pamọ́ fún ọkọ. Ohun tí mo ń rí ní káńtà ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ọmọ ogún ọdún fẹ́ ṣe àyẹ̀wò HIV. Bó bá ti mọ̀ pé fóònù bàbá òun ló máa dún, kò ní ṣe é mọ́. Mo mọ ẹni tí káàdì wà lápò rẹ̀ tó ń fi owó ara rẹ̀ ra oògùn ní kẹ́míìsì, nítorí kò fẹ́ kí ilé gbọ́. Owó ìnṣọ́ránsì rẹ̀ ń wọlé lóṣooṣù, ara rẹ̀ ò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.

WhatsApp náà ńkọ́? Àwọn ilé-ìwòsàn kan ní gúrúùpù tí wọ́n ti ń bá HMO tọrọ kóòdù, ogójì èèyàn wà níbẹ̀, wọ́n á ya àwòrán fáìlì aláìsàn, wọ́n á jù ú síbẹ̀. Ẹ bi ilé-ìwòsàn yín bóyá wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe é, ẹ ní kí wọ́n yọ tiyín kúrò.

Ẹ tún bi HMO yín léèrè: nọ́ńbà ta ni ẹ fi sí orúkọ mi? Kí lẹ ń fi ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ mi? Ta ni mo lè kọ̀wé sí bí ọ̀rọ̀ mi bá jáde? Ó yẹ kí wọ́n ní òṣìṣẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ dátà wà níkàáwọ́ rẹ̀. Bí ìpalára bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ẹnu lásán jà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi déètì sí i, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. HMO ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sí NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìnṣọ́ránsì ìlera, tàbí àjọ ìpínlẹ̀ yín bí ètò ìpínlẹ̀ lẹ wà, bíi LASHMA tó ń darí ètò Ìlera Èkó ní Èkó, tàbí OYSHIA ní Ọ̀yọ́. Ti dátà, NDPC ni.

Mo fún obìnrin ọjọ́ Ajé yẹn ní ìwé àti bírò. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kọ ìlà mẹ́rin sí HMO rẹ̀: nọ́ńbà tirẹ̀, pé ibẹ̀ ni kí gbogbo iṣẹ́ tó bá jẹ mọ́ òun máa wá, pé kí wọ́n má dárúkọ àyẹ̀wò mọ́, àti pé kí wọ́n fèsì lórí ìwé. A fi èdìdì ilé-ìwòsàn sí ẹ̀dà tó mú lọ. Nígbà tó tún padà wá, tí mo gba kóòdù fún un tán, inú báàgì tirẹ̀ ni fóònù ti dún.