Omi Eegun: Ohun Tó Ń Ṣe fún Ara àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú ní Àbújá, ìkòkò omi eegun kì í sábà kúrò lórí iná nílé ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá tó ń gbé Kubwa, Nyanya àti Karu, nítorí pé eegun kò wọ́n lọ́wọ́ alápatà tó ẹran. Mo fọwọ́ sí i. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìyá ló ń sọ fún mi pé torí kí eegun ọmọ àwọn lè le ni àwọn ṣe ń sè é, ọ̀rọ̀ yìí ni mo sì fẹ́ kí a yẹ̀ wò dáadáa.

Òótọ́ ni pé kálísíọ̀mù ló ń mú eegun le, inú eegun ló sì pọ̀ sí jù lọ nínú ara ẹranko. Ṣùgbọ́n ó ti dì mọ́ eegun náà débi pé bí a bá sè é láti àárọ̀ di alẹ́, díẹ̀ ló ń bọ́ sínú omi, kódà bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ife mílíìkì kan ní nǹkan bíi 300 mìlígíráàmù kálísíọ̀mù. Ife omi eegun kan kò sún mọ́ ọn rárá. Ẹni tó ń wá kálísíọ̀mù fún ọmọ, kó fún un ní wàrà, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun, tàbí ọbẹ̀ lúrú tí àwọn Hausa ń pè ní miyan kuka.

Kọ́lájìnì, èròjà tó so oríkèé, iṣan àti awọ pọ̀, ni omi eegun ní lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí iná bá ń jó o jẹ́jẹ́ fún wákàtí púpọ̀, a di jẹ́látìnì. Ẹ gbé omi náà sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì kí ẹ wò ó: yóò ti dì, yóò máa gbọ̀n bí ẹ bá mi abọ́, ọ̀rá yóò sì ti dì funfun lórí rẹ̀, èyí tí ẹ lè fi ṣíbí ká kúrò. Bòkọ́tọ̀, ẹsẹ̀ adìyẹ àti oríkèé ló ń dì bẹ́ẹ̀ jù. Eegun itan ní mùdùnmúdùn, ṣùgbọ́n ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú ìyẹn.

Nígbà tí jẹ́látìnì bá dé inú ikùn, ara a máa tú u sí wẹ́wẹ́ gẹ́gẹ́ bó ti ń tú purotéènì ẹ̀wà àti ẹyin. Kì í gba orúnkún lọ tààrà. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà tí orúnkún ń dùn, ẹ mu ún, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ pa oògùn tí dókítà kọ fún yín tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹ́látìnì kò ní tryptophan, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara kò lè dá ṣe, tí ọmọ sì nílò láti dàgbà. Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí bí mo bá rí i tí wọ́n bu omi ẹran sórí ìrẹsì fún ọmọ, tí gbogbo ẹran àti ẹja wá wà nínú abọ́ bàbá. Ẹ fi omi eegun náà se ẹ̀wà fún un, kí ẹ sì fi ẹja sí i.

Omi eegun dára fún ẹni tí kò lè jẹun nítorí àìsàn, gbígbóná rẹ̀ sì máa ń la imú tí ọ̀fìnkìn dí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni kó máa mu.

Kí ẹ tó sanwó bòkọ́tọ̀, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bíi rọ́bà, tí dúdú rẹ̀ sì ń yí mọ́ ọwọ́, táyà ni wọ́n fi jó irun rẹ̀. Ẹ má rà á, nítorí májèlé wà nínú èéfín táyà. Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, ife omi eegun méjì tó níyọ̀ gan-an sì lè gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn kíndìnrín tàbí gáòtù (àìsàn tó ń mú kí oríkèé wú, kó sì máa dunni) bi dókítà rẹ̀ léèrè ná.

Ẹ má fi omi eegun sílẹ̀ lórí sítóòfù ju wákàtí méjì lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná. Ẹ pín in sínú abọ́ kéékèèké, ẹ gbé e sínú omi tútù kó lè tètè tutù, kí ẹ tó gbé e sínú fíríìjì, kó má sì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ láti alẹ́ di òwúrọ̀, ẹ dà á nù. Títún un sè kò lè gbà á là, nítorí pé májèlé tí àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ti tú sínú rẹ̀ kì í parẹ́ bí omi náà tilẹ̀ hó.