Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun

Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun (1935 sí 1995) jẹ́ dókítà ọpọlọ àti iṣan ara, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, purofẹ́sọ̀ ní University of Ibadan. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìwádìí àrùn ọpọlọ ní Nàìjíríà, orúkọ ẹ̀ wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ jáde, torí ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wa gan-an ló gbé lọ sí labù láti wo nǹkan tí oúnjẹ àti purotéènì ń ṣe fún ọpọlọ wọn, kò kàn jókòó máa ka ohun tí àwọn òyìnbó kọ nípa ara tiwọn.

Oṣù kìíní ọdún 1935 ni wọ́n bí i. Òkèmẹ̀sí yìí náà ni ìlú Fábùnmi, jagunjagun ogun Kírìjì. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Olóyè Odùọlá Ọ̀ṣuntókun, ṣe mínísítà ní Western Region, àbúrò ẹ̀, Jídé Ọ̀ṣuntókun, di purofẹ́sọ̀ ìtàn, ó sì tún ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Jámánì. Káyọ̀dé lọ Christ's School ní Adó-Èkìtì, ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933, kó tó kọjá sí Ìbàdàn lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kò sí agboolé tí ò ní purofẹ́sọ̀ ní Èkìtì, irú ìdílé báyìí ló bí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́

Ní àwọn ọdún 1960, àìsàn kan ń bá àwọn àgbàlagbà fínra ní agbègbè Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́. Ẹsẹ̀ á máa kú, àtẹ́lẹsẹ̀ á máa ta wọ́n bí ẹni tẹ ata mọ́lẹ̀, tí wọ́n bá dìde wọn ò ní lè rìn tààrà, wọ́n á máa yà sọ́tùn-ún yà sósì, tó bá pẹ́ ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, etí àwọn mìíràn á di. Wọ́n ń pe àìsàn náà ní tropical ataxic neuropathy. Gottlieb Monekosso, ọmọ Cameroon tó ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, ti ń wádìí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Ọ̀ṣuntókun wá gbé e lọ síwájú gan-an. Nǹkan tó pa àwọn aláìsàn yẹn pọ̀ ni pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ẹran àtẹja inú ẹ̀ ò tó nǹkan.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nínú ara nìyí. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ́ linamarin, tí wọ́n bá ti gé ẹ̀gẹ́ tàbí tí wọ́n rin ín, ẹ́ńsáìmù (ohun tó ń mú kí nǹkan yí padà sí nǹkan míì) tó wà nínú ẹ̀gẹ́ fúnra ẹ̀ á tú linamarin yẹn, sáyánáìdì á sì jáde. Ara èèyàn mọ bó ṣe ń pa oró sáyánáìdì: ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ rhodanese á fi imí ọjọ́ kún un, á di thiocyanate, èèyàn á wá tọ̀ ọ́ dànù. Àmọ́ imí ọjọ́ yẹn ò kàn wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú àwọn amínò ásíìdì bíi cysteine àti methionine ni ara ti ń rí i, purotéènì tá a bá jẹ ló sì ń fún wa ní àwọn yẹn. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ ṣáá tí ò rí ẹja jẹ, oró ń wọlé sí i lára lójoojúmọ́, nǹkan tó fẹ́ fi pa oró náà sì ń tán lọ.

Ní 1968 Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ èsì wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Brain àti British Medical Journal: thiocyanate pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà, àmọ́ àwọn amínò ásíìdì tó ní imí ọjọ́ ti lọ sílẹ̀. Ní 1969 wọ́n tún gbé ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín ìlú jáde lórí bí àìsàn náà ṣe tan mọ́ oúnjẹ.

Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe gaàrí ní Èkìtì á mọ ohun tó ń dín oró yìí kù, bó tiẹ̀ jẹ́ pé iyán lọba oúnjẹ níbẹ̀. Àwọn ìyá á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á wá gbé òkúta tàbí jáàkì lé e, omi funfun á máa sun lábẹ́ àpò fún ọjọ́ mélòó kan, omi yẹn wọn kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ débẹ̀. Ọjọ́ tó fi wà níbẹ̀ ló ń fún ẹ́ńsáìmù láyè láti tú linamarin, tí wọ́n bá wá sẹ́ ẹ tí wọ́n dín in lórí iná igi, èyí tó pọ̀ nínú sáyánáìdì tó kù á bá ooru lọ. Ẹni tó bá kánjú, oró ló fi sílẹ̀ nínú gaàrí.

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà pé sáyánáìdì ló ń fà á o. Ní 2000 àwọn olùwádìí kan rí i pé àìsàn náà ṣì wà ní ìlú Ososa lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ó tó bí èèyàn 6 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, àmọ́ nígbà tí wọ́n wá wo àwọn tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú lẹ́yìn náà, wọn ò rí i pé sáyánáìdì tí wọ́n ń jẹ ló fà á. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀. Síbẹ̀, wíwọn tí Ọ̀ṣuntókun wọn nǹkan inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni gbogbo wọn ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1980 ó ṣe ìwádìí ojúlé sí ojúlé ní Igbó-Ọrà láàárín nǹkan bí 20,000 èèyàn, níbi tí wọ́n ti rí i pé wárápá mú bí èèyàn 5.3 nínú 1,000.

Àrùn ìgbàgbé

Tí àgbàlagbà bá ń tún ọ̀rọ̀ sọ tàbí tí ò mọ orúkọ ọmọ ẹ̀ mọ́, a máa ń ní ó ti ń ṣarán, a ó sì gbà pé ọjọ́ orí ni. Ọ̀ṣuntókun ò gbà bẹ́ẹ̀. Òun àti Hugh Hendrie ti Indiana University ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan náà ní ìlú méjì: àwọn Yorùbá ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, gbogbo wọn ti tó ọdún 65 sókè. Ìbéèrè tí wọ́n fi ń dán iyè wò ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹni tí ò lọ ilé ìwé, torí náà wọ́n tún un ṣe ní Yorùbá, wọ́n sì ń bi ará ilé náà léèrè bóyá bàbá tàbí ìyá ṣì ń ṣe nǹkan ilé bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Èsì àkọ́kọ́ jáde ní 1995. Nínú 2,494 èèyàn n'Ìbàdàn, àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé jẹ́ 2.29 nínú 100, ní Indianapolis níbi tí wọ́n ti yẹ èèyàn 2,212 wò láàárín ìlú, ó jẹ́ 4.82, tí wọ́n bá sì ka àwọn tó wà ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà mọ́ wọn, ó jẹ́ 8.24. Nǹkan ńlá ni, torí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn ti wá, ibi tí wọ́n ń gbé àti ohun tí wọ́n ń jẹ ló yàtọ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà ló tún kọ nípa apolipoprotein E, purotéènì tó ń gbé ọ̀rá káàkiri ara. Jíìnì ẹ̀, ìyẹn ohun àjogúnbá tó ń sọ fún ara bó ṣe máa ṣe é, ní oríṣi mẹ́ta, èyí tó ń jẹ́ ε4 sì máa ń mú kí Alzheimer's, oríṣi àrùn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù, tètè mú àwọn òyìnbó. Nígbà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà, wọn ò rí i kí ε4 so mọ́ Alzheimer's rárá.

Ọ̀ṣuntókun wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀, ó sì ṣe ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Ó kú ní 1995, ọdún kan kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Adésọlá Ògúnníyì, dókítà ọpọlọ n'Ìbàdàn, àti àwọn yòókù ló bá iṣẹ́ náà lọ. Ní 2001 wọ́n fi hàn pé àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń mú tuntun lọ́dọọdún n'Ìbàdàn jẹ́ 1.35 nínú 100, tí ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Ní 2014, lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ àwọn èèyàn náà lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé ε4 ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ lára Yorùbá náà: ẹni tó gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ òbí ò fi bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu, ẹni tó gba méjèèjì, ìyá kan, bàbá kan, ni Alzheimer's máa ń mú ju àwọn yòókù lọ.